Nígbà Tí Ojú Mónítọ̀ Bá Kọ̀ Láti Gún: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Fáwọn Tó Ń Lo Kọ̀ǹpútà Kékeré

Ìsọ̀ wa ò jìnnà sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ní Agbowó, níbi tí ìsọ̀ atẹ̀wé àti ìsọ̀ alátùn-únṣe ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kéékèèké, àwọn tí kò ju páálí bisikíìtì lọ, ti gba ìgboro báyìí. Wọn ò gba àyè, wọn ò jẹ iná, ìnfátà kékeré sì ń gbé wọn. Ohun tó sábà máa ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa ni ti ojú mónítọ̀: lẹ́tà ńlá gbàǹgbà bíi ti pátákó ẹ̀bá títì, àwòrán tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kójú dúdú kirikiri. Ìbéèrè kan náà là ń dáhùn láàárọ̀ lálẹ́, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá lè tún un ṣe nílé má wulẹ̀ gbé e gun ọkọ̀ Micra wá bá wa.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni resolution tẹ́ ẹ ń pariwo ẹ̀ yìí gan-an?

Àmì tíntìntín ni wọ́n tò sójú mónítọ̀, ẹsẹẹsẹ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Píksẹ́lì là ń pè wọ́n. Mónítọ̀ tí wọ́n bá kọ 1920×1080 sí, 1920 ló lọ ní ìbú, 1080 ló wá sílẹ̀ ní òró. Àpapọ̀ wọn lé ní mílíọ̀nù méjì. Iye yẹn là ń pè ní resolution. Ó ti bá mónítọ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò ṣeé fi kún, kò ṣeé yọ kúrò. Iye tó wà nínú Settings (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà) ní tiẹ̀ ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́. Tí méjèèjì bá bára mu, àwòrán á mọ́ kedere. Tí kọ̀ǹpútà bá fi 1024×768 ránṣẹ́ sí mónítọ̀ 1920×1080, ńṣe ni mónítọ̀ á máa na àwòrán náà bí ẹni ń na aṣọ tí kò tó ó bora, á sì máa fojú bu àwọ̀ tó máa fi dí àlàfo. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ti ń rá.

Ẹni tó ń tẹ Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá wá ká bá òun tẹ̀ ẹ́, ọmọ tó ń tẹ̀wé lọ́dọ̀ wa sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan tí resolution ẹ̀ ti já wálẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Word máa ń fa ìlà pupa wígowìgo sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá. Nígbà tí lẹ́tà ti rá tán, ìlà pupa yẹn gbé àmì ìsàlẹ̀ mì pátápátá: "ọkọ" àti "oko" di ìbejì. Ojú ìwé mọ́kànlá lọmọ náà ti tẹ̀ ká tó rí i pé ìyàwó inú ìtàn náà ti ń gbọ́únjẹ fún oko ẹ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó jẹ́ ti mónítọ̀ yín, ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì sórí àyè tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ mú Display settings. Níbi Display resolution, iye tí wọ́n bá kọ "Recommended" sí lára ni. Bí ti inú Settings bá sì ta ko èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn mónítọ̀, tẹ̀yìn mónítọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Kọ̀ǹpútà mi ò fún mi ju 1024×768 lọ. Ibi tó yẹ kí n ti yí i padà gan-an, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣì, kò ṣeé tẹ̀.

Ṣé ẹnì kan ò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́mátì ẹ̀, ìyẹn ni pé kó nu inú ẹ̀ nù kó sì tún Windows gbé sí i? Ibẹ̀ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn fọ́mátì, Windows lè má rí dráífà tó ń darí àwòrán. (Kì í ṣe dráífà Micra o, ètò kékeré tó ń bá ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni.) Ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì sórí Start, kẹ́ ẹ mú Device Manager, kẹ́ ẹ ṣí Display adapters. Tẹ́ ẹ bá bá "Microsoft Basic Display Adapter" níbẹ̀, ẹ ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Adelé nìyẹn, kì í ṣe ọba. Windows fi í sórí àga kí ojú má baà dúdú títí ẹni tó ni ipò á fi dé, agbára ẹ̀ ò sì pọ̀.

Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, hotspot fóònù náà tó, kẹ́ ẹ wá lọ sí Windows Update. Ẹ jẹ́ kó wá ohun tó máa wá, kẹ́ ẹ sì wo ibi Optional updates náà, torí pé dráífà máa ń sápamọ́ síbẹ̀. Tí kò bá rí i, ẹ dojú kọ̀ǹpútà dé, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lẹ máa fi wá dráífà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é; Dell ń pe nọ́ńbà tiẹ̀ ní Service Tag. Ẹ lè fi fóònù yín wa dráífà náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà USB gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó bá ń wọlé, ojú mónítọ̀ á ṣẹ́jú dúdú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fa wáyà kankan yọ.

Àwọn ètò tó máa ń yọ jáde pé àwọn máa bá yín wá gbogbo dráífà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. A ti fọ kọ̀ǹpútà tí irú wọn ti bà jẹ́ títí ó ti sú wa.

Dráífà ti wọlé, orúkọ Intel, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ló wà ní Device Manager báyìí. Síbẹ̀, mi ò rí 1920×1080 láàárín iye tí mo lè mú.

Èyí gan-an ni ìbéèrè tó ń náni lówó lásán jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé VGA, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń so mónítọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, jáde ní 1987, kọ̀ǹpútà kàn ń da àwòrán sínú wáyà ni, mónítọ̀ ń gbà á, wọn ò bára wọn sọ nǹkan kan. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti dà bí ìgbéyàwó ilé Yorùbá: alárinà wà láàárín. Inú mónítọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìwé ìdánimọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní EDID. Ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò ju báìtì 128 lọ, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò tó àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó ṣe mónítọ̀, bó ṣe fẹ̀ tó, àti resolution tó lè gbé. Wáyà ló ń gbé ìwé náà lọ fún kọ̀ǹpútà. Tí wáyà bá gbé e dé, kọ̀ǹpútà á mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Tí kò bá gbé e dé, kọ̀ǹpútà ò ní fẹ́ ṣàṣejù lára àlejò tí kò mọ̀, á mú iye kékeré tó gbà pé mónítọ̀ èyíkéyìí lè gbé. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí 1024×768 tàbí 800×600 nígbà tí kọ̀ǹpútà le koko, tí mónítọ̀ náà le koko. Alárinà ló yadi.

Ẹ yọ wáyà VGA yín, kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó wà níbẹ̀, ní ìlà mẹ́ta. Ìka kejìlá àti ìka kẹẹ̀ẹ́dógún ló ń gbé ìwé ìdánimọ̀ yẹn. Wọ́n lè tẹ̀, wọ́n lè kán. Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú mìíràn ò tiẹ̀ fi wọ́n sí i rárá. Tó bá jẹ́ ìka kẹsàn-án nìkan ni kò sí, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀pọ̀ wáyà gidi ni kò ní i, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin kan wá láti Mọ́níyà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó fi ìborùn ìyàwó ẹ̀ wé. Wọ́n ti fọ́mátì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti ní kó ra RAM, wọ́n ti ní kó pààrọ̀ díìsìkì, ó sì ti ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ní kó lọ mú wáyà ẹ̀ wá. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín, àmọ́ ó lọ. Nígbà tó gbé e dé, ìka kan ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹlẹbẹ bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Mo mú bírò tí inki ẹ̀ ti tán, mo yọ ọ̀pá inú ẹ̀, mo ti ẹnu ọ̀pá náà bọ ìka yẹn, mo rọra gbé e dìde. A kì í fi ipá ṣe é, torí ó máa kán. Bá a ṣe ki wáyà náà padà bọ kọ̀ǹpútà báyìí, 1920×1080 yọ. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé èló ni bírò.

Bí wáyà bá dà bíi pé ó dára, ẹ yá ti aládùúgbò wò. Tí converter (èyí tó ń so irú ihò kan mọ́ irú òmíràn) bá wà láàárín, tàbí àpótí tó ń pín àwòrán sí mónítọ̀ méjì, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ tààrà. Ẹ yọ iná mónítọ̀ kúrò lára ògiri fún bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tí kò gbọ́, ìgbà yẹn lẹ lè ronú kan Custom Resolutions tó wà nínú Intel Graphics Command Center, tẹ́ ẹ máa fọwọ́ yín kọ 1920, 1080 àti 60 síbẹ̀. Mo fi í sí ìkẹyìn torí pé ẹ̀yin lẹ̀ ń dá mónítọ̀ mọ̀ fún kọ̀ǹpútà nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá purọ́, ojú á dúdú.

Mo ra converter HDMI sí VGA. Mo so ó pọ̀, kò mú nǹkan kan jáde.

Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ kọ ojú ẹ̀ sí? Converter kì í ṣe afárá tí wọ́n ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀. Èyí tó ń gbà láti HDMI, ihò òde òní tó wà lára tẹlifíṣọ̀n náà, lọ sí VGA, inú kọ̀ǹpútà ni HDMI gbọ́dọ̀ ti wá. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ní tó jẹ́ VGA nìkan, tẹ́ ẹ fẹ́ fi wo mónítọ̀ HDMI, òmíràn pátápátá lẹ nílò. Ìyẹn sábà máa ń ní okùn USB kékeré kan tó ń gba iná. Tẹ́ ẹ bá fi okùn náà sílẹ̀ kó máa fì dirodiro, kò ní ṣiṣẹ́.

Ìdí tó fi gba iná ni pé èdè méjì ni wọ́n ń sọ. VGA ń gbé àwòrán bí ìgbì tó ń lọ sókè sódò, HDMI ń gbé e bí òǹkà. Ẹ̀rọ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó ń ṣe ògbufọ̀. Wáyà tí wọ́n bá ń tà fún yín tó jẹ́ HDMI lápá kan, VGA lápá kejì, tí kò sí ògbufọ̀ kankan nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ihò DisplayPort, tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì òkè òkun, máa ń da àwọn èèyàn rú. Ó jọ HDMI, àmọ́ igun ẹ̀ kan ṣoṣo ló gé. HDMI, igun méjèèjì tìsàlẹ̀ ló gé. Ẹ má fi tipá ti ìkan bọ èkejì. Wáyà DisplayPort sí HDMI wà lọ́jà, òun náà ò sì ń lọ sẹ́yìn.

Mo yí resolution, ojú wá dúdú, ó ń kọ "Out of Range". Ṣé mo ti bà á jẹ́?

Rárá o. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Windows máa fi bi yín bóyá ẹ fara mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, á fúnra ẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìkánjú ló ń ṣe àwọn èèyàn: wọ́n á máa tẹ ohun tí wọn ò rí, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn sọ pé àwọn gbà.

Ohun tí mónítọ̀ ń sọ ni pé ohun tí wọ́n gbé fún òun ju agbára òun lọ. Ó lè jẹ́ resolution, ó lè jẹ́ iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n ń fi Hz kà. 60 ni ọ̀pọ̀ mónítọ̀ ọ́fíìsì mọ̀. Àwọn míì á kọ "Input Not Supported". Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Tí ojú ò bá padà, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí mónítọ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ, ẹ yí iye padà, kẹ́ ẹ wá gbé mónítọ̀ yín wọlé. Tí kò bá sí òmíràn nílé: ẹ tan kọ̀ǹpútà, bí àmì Windows bá ṣe máa ń fara hàn, ẹ di bọ́tìnì ìtanná ẹ̀ mú títí á fi kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Nígbà tó bá tún ń ṣí, á gbé yín lọ sójú ìwé aláwọ̀ búlúù tí mónítọ̀ yín lè gbé. Ẹ mú Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kẹ́ ẹ tẹ 3. Nọ́ńbà kẹta yẹn máa ṣí Windows pẹ̀lú resolution kékeré, ẹ̀yin á wá lọ mú iye tó tọ́. Oògùn pàjáwìrì ni o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pípa kọ̀ǹpútà lójijì di àṣà.

Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ṣe mónítọ̀. Etí àwòrán ti gé, mi ò rí Start dáadáa.

Tẹlifíṣọ̀n ló gé e, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àṣà àtijọ́ ni, láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì ní ikùn lẹ́yìn, tí wọ́n máa ń fẹ àwòrán díẹ̀ kọjá etí kí eteetí ẹ̀ tí kò gún má baà hàn. Wọ́n ṣì ń bí i mọ́ tuntun. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ wá ibi ìwọ̀n àwòrán, kẹ́ ẹ yí i sí "Just Scan", "Screen Fit" tàbí "1:1". Orúkọ tí kálukú fún un yàtọ̀. Lára àwọn kan, tẹ́ ẹ bá yí orúkọ ihò HDMI náà sí "PC", gbogbo ẹ̀ á tò lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà á sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n inṣi 32 tí wọ́n kọ "HD" sí, 1366×768 ni ojú wọn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gba 1920×1080 wọlé. Fíìmù á dára lórí ẹ̀. Ìwé kíkà á máa ro ojú.

Ọmọ mi, gbogbo nǹkan ti kéré jù lójú mi. Ṣé kí n dín resolution náà kù ni?

Ẹ má dín in kù, Mà. Ẹ fi sílẹ̀ níbi Recommended, kẹ́ ẹ gòkè díẹ̀ nínú ojú ìwé kan náà, ẹ máa rí Scale. Ẹ sọ ọ́ di 125% tàbí 150%. Lẹ́tà á tóbi, kò sì ní rá. Bí ìgbà tẹ́ ẹ ra Bíbélì onílẹ́tà ńlá ni. Ti resolution tẹ́ ẹ fẹ́ dín kù yẹn, bí ìgbà téèyàn gbé gíláàsì tó lábàwọ́n lé onílẹ́tà kékeré ni.

Tí NEPA bá mú iná tí wọ́n sì dá a padà, resolution mi á ti yí. Kí ló ń fà á?

Ẹ wo ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti ń jẹ iná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kọ̀ǹpútà wà lára ìnfátà, mónítọ̀ wà lára iná NEPA. Bí wọ́n bá mú iná, mónítọ̀ kú, kọ̀ǹpútà ò kú. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti dìde lọ láìdágbére, pàápàá tó bá jẹ́ DisplayPort ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Á kó gbogbo ojú ìwé tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ jọ sínú àyè kékeré kan. Nígbà tí iná bá dé, mónítọ̀ á jí, àmọ́ ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀ lè má dé ọwọ́ kọ̀ǹpútà lásìkò.

Lára àwọn míì, ọ̀nà kejì ló gbà: àwọn méjèèjì kú pọ̀, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣètò pé kó máa fúnra ẹ̀ tàn bí iná bá dé wá yára ju mónítọ̀ lọ. Á tàn, á bèèrè ta ló wà níbẹ̀, kò ní gbọ́ ohùn kankan.

Kẹ́ ẹ tó tún un tàn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú á ṣẹ́, ẹ lè gbọ́ ohùn kékeré kan, dráífà àwòrán á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láìpa iṣẹ́ yín rẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ó tó. Tí kò bá tó, ẹ yọ wáyà kẹ́ ẹ dá a padà. Ọ̀nà àbáyọ gidi ni kẹ́ ẹ fi àwọn méjèèjì sára UPS tàbí ìnfátà kan náà; mónítọ̀ òde òní ò jẹ iná tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn iná, mónítọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ tàn.

Mo rántí nǹkan kan nígbà tá a wà lórí ọ̀rọ̀ iná: chájà kọ̀ǹpútà kékeré yìí jọ ti láptọ́ọ̀pù, ẹnu wọn a sì máa bára mu nígbà míì. Bí ti yín bá jẹ́ 65W, ẹ má gba 45W lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ojú mónítọ̀ ló máa bà jẹ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà á máa wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín, ẹ ò sì ní mọ ìdí ẹ̀.

Àwòrán ti rìn sí apá òsì, ọ̀tún ṣófo.

VGA lẹ̀ ń lò. Ẹ tẹ bọ́tìnì Auto lára mónítọ̀. Ó parí.

Ojú gbogbo èèyàn ti fẹ̀, òdo ti di ẹyin tó sùn.

Kọ̀ǹpútà ń fi àwòrán tí ìbú àti òró ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ránṣẹ́ sí mónítọ̀ gbọọrọ. Tẹ́ ẹ bá mú 1280×1024 sórí mónítọ̀ 1920×1080, bó ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ mú iye tó tọ́. Àwọn mónítọ̀ inṣi 17 àti 19 àtijọ́ tó dà bí fèrèsé, 1280×1024 gan-an ni tiwọn, wọ́n sì dára fún ìwé títẹ̀. Èmi ò ní jẹ́ kí wọ́n tan yín ta tiyín ní ọ̀pọ̀ nítorí pé ó ti pẹ́.

Nínú gbọ̀ngàn wa, tá a bá so projector mọ́ kọ̀ǹpútà, ojú mónítọ̀ náà á bà jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ń bi wá léèrè èyí, mọ́sálásí ń bi wá, àwọn tó ń ṣe ìnáwó náà ń bi wá. Ẹ ti ní kí kọ̀ǹpútà fi nǹkan kan náà hàn níbi méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ wá iye tí àwọn méjèèjì lè gbé. Ọ̀pọ̀ projector gbọ̀ngàn, 1024×768 tàbí 1280×800 ni ojú wọn. Mónítọ̀ yín ló wá rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò. Ẹ tẹ Windows àti P, kẹ́ ẹ mú Extend dípò Duplicate. Kálukú á wà ní ìwọ̀n tiẹ̀. Àǹfààní mìíràn ni pé ìjọ ò ní máa wo ibi tẹ́ ẹ ti ń wá orin kiri.

Tí àwòrán bá ń ṣẹ́jú tàbí tó ń bọ́ lọ pátápátá, ẹ ka gígùn wáyà HDMI yín. Láti orí tábìlì lẹ́yìn gbọ̀ngàn títí dé òkè àjà, ó lè tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, agbára ohun tó wà nínú wáyà lásán á sì ti dínkù kó tó débẹ̀. Ẹ sọ resolution ti projector di 1280×720 kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá dúró, wáyà ló jẹ̀bi.

Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pátákó kékeré yẹn, ni tèmi, kì í ṣe ti Windows. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò tẹ́ ẹ lò. Pi 4 ní ihò HDMI kéékèèké méjì. Èyí tó sún mọ́ ihò iná USB-C ni àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa so mónítọ̀ kan ṣoṣo mọ́. Kẹ́ ẹ sì tan mónítọ̀ kẹ́ ẹ tó tan Pi.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà níta ní kẹ́ ẹ kọ hdmi_group àti hdmi_mode sínú config.txt. Ti àtijọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí dráífà tuntun ti gba iṣẹ́, kò ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sí mọ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń kọ ọ́ títí tí nǹkan kan ò yí. Inú cmdline.txt ni kẹ́ ẹ lọ, tó wà nínú /boot/firmware lórí Raspberry Pi OS (ètò tó ń darí Pi) tó jáde láti 2023. Ẹ fi èyí kún òpin ìlà tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àlàfo kan ṣáájú ẹ̀:

video=HDMI-A-1:1920x1080@60

Ìlà kan ṣoṣo ni fáìlì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ Enter sínú ẹ̀. Lórí Linux mìíràn (ètò tí wọ́n ń lò dípò Windows) tó bá ń lo X11 láti fi gbé àwòrán jáde, ẹ kọ cvt 1920 1080 60 sínú terminal, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, á fún yín ní ìlà gígùn kan tẹ́ ẹ máa gbé fún xrandr --newmode, lẹ́yìn náà xrandr --addmode. Tó bá jẹ́ Wayland ló ń lò dípò X11, xrandr ò ní ṣe é.

Mo ra mónítọ̀ 4K, máòsì wá ń fà bíi pé ó wà nínú ẹrẹ̀.

HDMI 1.4 ló wà lára kọ̀ǹpútà yín, 3840×2160, ìyẹn 4K, ní 30Hz ló lè gbé mọ. HDMI 2.0, tó jáde ní 2013, ló ń gbé e ní 60. Ẹ wò bóyá kọ̀ǹpútà náà ní DisplayPort, kẹ́ ẹ lo ìyẹn. Tí kò bá ní i, ẹ lo 1920×1080 lórí ẹ̀: ìdajì gééré ni lápá méjèèjì, kò sì rá tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ lọ ra kọ̀ǹpútà kékeré ní Ìwó Road. Kí ni kí n yẹ̀ wò nípa ojú mónítọ̀?

Ẹ mú wáyà tẹ́ ẹ máa lò nílé dání, torí wáyà inú ìsọ̀ wọn ò ní bá yín délé. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ya fọ́tò ihò ẹ̀yìn mónítọ̀ yín sórí fóònù; mi ò lè ka iye àwọn tó ti rajà tán kí wọ́n tó rántí pé àwọn ò mọ ihò tó wà nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà lójú yín. Ẹ wo Device Manager bóyá adelé ló wà níbẹ̀, ẹ wo Display settings bóyá iye ẹ̀ bá ti mónítọ̀ wọn mu. Tó bá ní ihò méjì, ẹ dán méjèèjì wò. A ti rí èyí tí ihò ẹ̀ kan ti kú, tẹ́ni tó tà á kò sì mọ̀ lóòótọ́.

Bí wọ́n bá ní iná ò sí, ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa dúró dè é.